Kí Sobìyà Tó Di Egbò



Bí ènìyàn bá rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, kì í pẹ́ kí ó tó kan ilé kan tí a kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí níwájú, ṣùgbọ́n tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òkúta dídán wà lára ògiri rẹ̀, orúkọ ọlọ́lá tí ó ṣí i sì wà lára òkúta náà pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Koríko ti ga dé ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ tí a ṣí i, ìlù dún, aṣọ ẹbí pọ̀, a pa màlúù, a sì ya àwòrán. Lẹ́yìn èyí, nọ́ọ̀sì tí a gbé wá retí oògùn títí, kò rí i. Ó retí omi, kò rí i. Ó retí owó oṣù, ó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó sú u, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Èmi kò ní dárúkọ ìlú kankan, nítorí olúkúlùkù yín ni ó mọ èyí tí ó wà ní àdúgbò tirẹ̀.

Ó ti mọ́ wa lára láti máa wí pé olè ni ó fa irú nǹkan báyìí. Òtítọ́ ni pé olè a máa wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi olóòótọ́ ènìyàn ṣe olórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé náà yóò padà di ilé òfìfo, nítorí pé a ti dorí ètò rẹ̀ kodò láti ìbẹ̀rẹ̀. A kọ́ ilé kí a tó béèrè pé àrùn wo ni ó ń dá àwọn ará ibẹ̀ dùbúlẹ̀, pé ènìyàn mélòó ni ó ń ṣe, pé ní oṣù wo ni ó ń dé, àti pé kí ni ohun tí ó kéré jù lọ tí a lè fi dá a dúró. Olówó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kí ó sì tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀. Ìlú tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kò ní ààyè fún un. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé bí owó bá ṣe kéré tó ni ètò ṣe gbọ́dọ̀ le tó. N kò sì ní lọ sí ọ̀nà jíjìn láti mú ẹ̀rí wá. Inú ilẹ̀ wa yìí ni ẹ̀rí náà wà, sobìyà ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé kí sobìyà tó di egbò ni à ń ké pe olúgàmbe. Àwọn ọ̀dọ́ ń pa òwe náà lónìí láìmọ ohun tí sobìyà jẹ́, ohun ayọ̀ sì ni èyí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún nínú yín kò ní gbàgbé rẹ̀. Kòkòrò tín-ín-rín bí òwú ni, gígùn rẹ̀ a sì máa tó mítà kan. Nínú omi adágún tàbí ti ọ̀gọdọ̀ ni a ti ń mu ún, a kì í sì í mọ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ara ẹsẹ̀ yóò lé bí ti ẹni tí iná jó, yóò máa ta aláìsàn náà, òun yóò sì sáré ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Níbẹ̀ gan-an ni sobìyà ti ń da àìmọye ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi, tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, a gbé àwọn ọmọ náà mì. Ẹni tí ó bá wá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gba ti ọdún tí ń bọ̀ sára. A kò gbọdọ̀ fa sobìyà yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara igi kékeré ni a ń ká a mọ́, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá já sínú ara, egbò ńlá ni.

Sobìyà kì í sábà pa ènìyàn, bóyá ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ kò fi kà á sí fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n a máa dá àgbẹ̀ jókòó ní àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù lọ, a sì máa dá ọmọ ilé ìwé dúró sí ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọdún 1987, ìwádìí tí UNICEF ṣe ní agbègbè kan tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pàdánù lọ́dọọdún nítorí rẹ̀. Kò sí oògùn tí ó lè pa á nínú ara. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Títí di òní olónìí, kò tíì sí. Bí ó bá jẹ́ pé oògùn olówó ńlá àti ilé ńlá nìkan ni a fi ń ṣẹ́gun àrùn, sobìyà ì bá wà pẹ̀lú wa títí láé.

Báwo ni a ṣe wá ṣẹ́gun rẹ̀? Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pé jọ ní Ìlọrin láti jíròrò lórí sobìyà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ yóò wáyé fún gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kúnkúndùn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin, ẹni tí ó ti ń ṣe ìwádìí lórí àrùn yìí ní àwọn abúlé Kwara. Lẹ́yìn náà ni ìjọba dá ètò ìparun sobìyà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí a kọ́kọ́ ṣe. A kò kọ́ ilé. A kò pín ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá. A kà. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, a rán àwọn ènìyàn láti abúlé dé abúlé káàkiri gbogbo Nàìjíríà láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ pé àwọn mélòó ni sobìyà yọ lára wọn ní ọdún náà. Iye tí wọ́n mú bọ̀ lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní gbogbo ayé tí ó ní tó bẹ́ẹ̀.

Ohun ìtìjú ni iye yẹn nígbà náà. Ìjọba tí ó fẹ́ràn ìyìn ju òtítọ́ lọ ì bá fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni ọ̀nà là. Gbogbo Nàìjíríà ni a ti rò pé sobìyà wà. Ìkà náà fi hàn pé abúlé tí a lè dárúkọ ni ó wà, létí adágún tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Àrùn tí ó ti dàbí kádàrá di iṣẹ́ tí ó ní ìwọ̀n. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ka àwọn aláìsàn rẹ̀, àlejò ni yóò bá a kà wọ́n. Ẹni tí ó bá sì bá ọ ka ìṣòro rẹ ni yóò bá ọ pín owó rẹ. Èmi rí i pé òmìnira tí àwọn bàbá wa jà fún kò pé bí ìwé ìkà àwọn òkú àti aláìsàn wa bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun kejì tí a ṣe ni yíyan ohun ìjà tí owó wa ká. Kànga ẹ̀rọ ni ó dára jù, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún gbogbo abúlé wọ̀nyí ní ọdún kan, tàbí ní ọdún mẹ́wàá pàápàá. Aṣọ tí ihò rẹ̀ kéré tó láti dá kòkòrò inú omi dúró, ẹyọ kan tó fún ìdílé kan, ó sì lè dé ọwọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, a fi asẹ́ ṣáájú. A kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹni tí sobìyà ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi tí a ń mu. A da oògùn tí ń jẹ́ Abate sí inú àwọn adágún ní ìwọ̀n tí ó ń pa kòkòrò tí kì í sì í pa ènìyàn lára. Níbi tí agbára bá sì ká a, a gbẹ́ kànga. Bí a bá ti dúró de kànga kí a tó pín asẹ́, a ó ṣì máa ká sobìyà mọ́ igi lónìí.

Ẹ̀kẹta, a gbé iṣẹ́ náà lé àwọn ará abúlé lọ́wọ́. Ní Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí ètò gbogbo Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí sobìyà. Wọ́n bá a níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara ènìyàn ni sobìyà ti ń wá, pé kò kan omi rárá. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi asẹ́ ṣe? Wọn kò fi ẹnu àṣẹ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀. Àwọn aránṣọ ìlú ni ó rán asẹ́ náà, àwọn ọmọ ìlú tí a kọ́ ní iṣẹ́ ìlera alábọ́dé ni ó sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Ohun tí ọmọ bíbí ìlú tà fún ọ, tí o sì fi owó rẹ rà, ìwọ kì yóò fi nu tábìlì. Ọgbọ́n kan náà ni ètò gbogbo Nàìjíríà lò nígbà tí ó yan olùyọ̀ǹda ara ẹni ní àwọn abúlé, àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí ńlá ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ orúkọ ilé gbogbo àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro nínú ilé náà.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro jù, òun náà sì ni a kì í sábà ṣe ní ilẹ̀ yìí: a kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ó fi parí. Iye àwọn tí ó ní sobìyà já wálẹ̀ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó dúró sí ibi tí ó ti lé ní 10,000 lọ́dún, kò fẹ́ lọ sí iwájú mọ́. Níbi tí ó ti dé yìí ni àwa a máa ń pàtẹ́wọ́ fún ara wa tí a ó sì lọ sí ibòmíràn. Ní àkókò náà ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tí ó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí rí, gbà láti máa lọ sí àwọn abúlé fúnra rẹ̀ láti ta àwọn gómìnà, àwọn ọba àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ jí. Iye náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní ọdún 2006, ènìyàn 16 péré ni ó kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí inú yín tíì dùn, nítorí ní ọdún 2007, ó padà di 73. Abúlé kan tí ojú fò dá ti tó láti ṣe èyí. Wọn kò sọ̀rètí nù. Wọ́n padà sí ìkà, wọ́n padà sí asẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sobìyà yọ lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Lẹ́yìn náà ni a tún fi ọdún márùn-ún ṣọ́ ilẹ̀, tí a ń fi ẹ̀bùn owó pe ẹnikẹ́ni tí ó bá rí òmíràn kí ó wá sọ ọ́, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2013 pé sobìyà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 650,000 dé òfo, ogún ọdún ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní owó òyìnbó ni a fi ṣe é. N kò ní purọ́ fún yín. Àjọ Carter, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi owó, ohun èlò àti ọgbọ́n ràn wá lọ́wọ́, ìdúpẹ́ sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rin ẹsẹ̀ lọ sí abúlé, àwọn tí ó ṣọ́ etí adágún ní òwúrọ̀, àwọn tí ó sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé kí ó má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi, ọmọ ilẹ̀ yìí ni gbogbo wọn. Ohun tí ó sì jẹ́ kí owó àlejò wúlò ni pé ó bá ìwé ìkà àti ètò nílẹ̀. Níbi tí kò bá sí ètò, owó àlejò a máa tẹ̀ lé ìfẹ́ inú àlejò, ọjọ́ tí àlejò bá sì dìde, ohun gbogbo dìde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró; nígbà tí yóò fi di oṣù keje ọdún náà, àjọ USAID ti kógbá sílé. Àwọn aṣòfin wa ní Àbújá sáré fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera nínú ètò ìṣúná ọdún 2025. Ó dára tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tí a sá nígbà tí sobìyà ti di egbò ni. Ní Àbújá kan náà, ní ọdún 2001, ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná wọn ni yóò máa lọ sí ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sobìyà nìkan ni a ti rí irú ọgbọ́n yìí, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan méjì mìíràn ní ṣókí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògójà. Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí a bupá fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ní gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n oògùn ìbupá tí ó wà lọ́wọ́ kò tó nǹkan. Dókítà William Foege, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, fi ẹ̀rọ rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wádìí pé abúlé wo gan-an ni ìgbóná wà. Wọ́n wá bupá fún àwọn ará abúlé náà àti àwọn ibi tí àwọn ará ibẹ̀ sábà máa ń lọ, bí ọjà àti ilé ẹbí. Ìgbóná kò rí ẹni tuntun mú mọ́, ó sì kú. Ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé gbà wá lò lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1970 ni a rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 sì ni a kéde pé ó ti tán láyé. Ẹ wò ó pé àìtó oògùn ni ó bí ọgbọ́n náà. Bí oògùn bá ti pọ̀ ní Ògójà, bóyá wọn kì bá tí ronú.

Èkejì sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà rí i pé èèyi àti àìjẹunkánú ń pa àwọn ọmọ kéékèèké, àti pé bí wọn bá fi máa dé ọsibítù, ẹ̀pa kì í fẹ́ bóró mọ́. Ó dá ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí páálí kan lóṣooṣù. Ìyá ọmọ ni ó ń tọ́jú páálí náà nílé, kì í ṣe akọ̀wé ọsibítù. Bí ìlà inú rẹ̀ bá ń lọ sókè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ lọ gbọọrọ, ewu ń bọ̀, ó sì hàn kí ọmọ tó dùbúlẹ̀. Páálí yẹn tàn láti Ìmèsí-Ilé dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Òṣùwọ̀n kan, páálí kan, àti ìyá tí a fi ọkàn tán: ẹ sọ fún mi iye òkúta ìpìlẹ̀ tí ó tó èyí ní èrè.

Àwọn kan tún lè bi mí pé, “Ẹni tí ó ń ṣàìsàn lónìí ńkọ́? Ṣé kí ó dúró kí ẹ kà á tán?” Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo àrùn kọ́ ni ó rí bí sobìyà. Sobìyà lè tán pátápátá; ìbímọ kì í tán, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í tán. Obìnrin tí ó ń rọbí ní òru kò nílò asẹ́; agbẹ̀bí tí ó mọ iṣẹ́ ni ó nílò, àti ọkọ̀ tí yóò gbé e bí ọ̀ràn bá le. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ẹ̀rí mi. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ka àwọn obìnrin tí ó kú nítorí ìbímọ láàárín ọdún kan, tí ó sì béèrè ibi tí olúkúlùkù wọn kú sí àti ìdí rẹ̀, ó lè rí i pé ilé ìwòsàn wà nítòsí ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé agbẹ̀bí ni kò sí níbẹ̀ lóru, tàbí pé ọkọ̀ ni kò sí. Nígbà náà, owó tí ì bá fi kọ́ ilé kẹta yóò gba agbẹ̀bí, yóò sì kọ́ ilé tí ó lè sùn sí. Ìkà kì í fi aláìsàn sílẹ̀; òun ni ó ń sọ fún wa ibi tí aláìsàn wà.

Ẹ jẹ́ kí á tún rántí pé ètò tí ó dára pàápàá lè kú bí a kò bá bọ́ ọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ó yan ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi ṣe àpẹẹrẹ ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, kí ó tó wá tàn án ká. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí apá rẹ̀ ká, kò sì gbé gbogbo ẹrù náà rù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwádìí ọdún 2003 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn lé ní ọdún kan tí kò sì tó méjì, 13 péré ni ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn pé ní Nàìjíríà. Ogun kò jà, ilẹ̀ kò sì mì. A kàn yí ojú kúrò ni.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo gbọ́dọ̀ dá ara mi lẹ́jọ́ kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Èmi ni akọ̀wé ìpolongo. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ìkéde tí ó pọ̀ nípa òkúta ìpìlẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi lélẹ̀. N kò fi ìgbà kan padà lọ láti wo ohun tí ó hù lórí òkúta náà. Òkúta a máa dára nínú àwòrán. Ìwé ìkà kì í dára nínú àwòrán. Ohun tí ó sì mú kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀yin olùdìbò wa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa ti jẹ̀bi, ẹ̀yin náà sì mọ ìpín tiyín nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń dábàá fún ẹgbẹ́ wa kí ìdìbò tí ń bọ̀ tó dé nìyí. Kí ìlérí ìlera kankan má ṣe wọ inú ìwé ìlànà ẹgbẹ́ bí ẹni tí ó mú un wá kò bá lè dáhùn ìbéèrè márùn-ún: Àrùn wo ni? Ènìyàn mélòó ni ó ń ṣe, ta ni ó sì kà wọ́n? Ohun wo ni ó rọ̀ wá lọ́rùn jù lọ tí a lè fi dá a dúró? Ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà ní abúlé lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i tán, níbo sì ni owó oṣù rẹ̀ yóò ti máa wá ní ọdún kẹta? Ọjọ́ wo ni a ó tún kà, kí a lè mọ̀ bóyá a ṣe é tàbí a kò ṣe é? Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ra ìwé kan, tí kì í ṣe ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí a máa kọ iye ọmọ tí a bí, iye ọmọ tí ó kú kí ó tó pé ọdún márùn-ún, iye ìyá tí ó kú nítorí ìbímọ, àti ibi tí àdúgbò ti ń pọn omi sí inú rẹ̀. Owó ìwé náà kò tó owó àsíá kan.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ láti ọwọ́ Olóyè S. O. Awokoya ní ọdún 1952, wọn kò ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé ní ọjọ́ kejì. Ọdún 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdún tí ó wà láàárín ni wọ́n fi kọ́ olùkọ́, tí wọ́n sì fi wá owó. Àwọn alátakò wí pé wọ́n ń fi nǹkan falẹ̀. Ìtàn ti dáhùn fún wọn.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ó di ọdún 2023, ènìyàn 14 péré ni sobìyà mú ní gbogbo àgbáyé, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà kan nínú wọn. Aṣọ, ìwé ìkà àti sùúrù ni a fi ṣe èyí ní ilẹ̀ wa. Èèyi ṣì ń pa ọmọ wa. Ibà ṣì ń pa ọmọ wa. Àwọn ìyá ṣì ń kú lórí ìkúnlẹ̀. Bí olóṣèlú kan bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa, tí ó fẹ́ fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn lélẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì bi í pé: “Ẹ mélòó ni ẹ kà?”

Ire o.